Àjọṣe àwọn fásitì tó bẹ̀rẹ̀ ní Niamey kò tíì wọ inú kíláàsì

Ní Petit Marché, ọjà oúnjẹ tó wà láàárín gbùngbùn Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, òṣùwọ̀n kì í sábà dá ìjà sílẹ̀. Ìbáà jẹ́ Zarma, Hausa tàbí Yorùbá ló ń tajà, gbogbo wọn ló mọ iye tí abọ́ tí wọ́n ń pè ní tiya ń gbà. Ẹni tó wá ra ìrẹsì kì í bèèrè ìwé ẹ̀rí abọ́. Ohun tó máa ń wò ni bóyá ó kún.

Irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni owó tí àwọn òbí kan fi ń rán ọmọ wọn lọ sí Fásitì Abdou Moumouni ti ń wá. Téèyàn bá gba orí afárá Kennedy sọdá Odò Ọya, kò ní pẹ́ débẹ̀. Ọmọ tó ń sọ Zarma, Hausa tàbí Yorùbá ní ìsọ̀ ìyá rẹ̀ láàárọ̀ yóò lọ jókòó níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Faransé kọ́ ọ ní ìṣirò. Bó bá yege, gbogbo ilé ló yege. Bó bá fìdí rẹmi, owó àlùbọ́sà ọdún mélòó kan ló ṣòfò.

Ìlú Niamey yìí kan náà ni àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ti pàdé ní oṣù kìíní ọdún 1968, tí wọ́n sì dá àjọ CAMES sílẹ̀, kí àwọn fásitì wọn lè jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ouagadougou. Olùkọ́ tí àjọ yìí bá kà yẹ fún ìgbéga ní Niamey, ẹni iyì ni ní Cotonou àti ní Lomé pẹ̀lú. Iṣẹ́ ńlá ni CAMES ṣe níbi èyí, nítorí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti orílẹ̀-èdè mìíràn ló ń yẹ fáìlì olùkọ́ wò, kì í ṣe ọ̀gá tó ń bá a jà nìkan.

Ṣùgbọ́n kí ló wà nínú fáìlì náà? Iṣẹ́ ìwádìí tí olùkọ́ tẹ̀ jáde ló máa ń wúwo jù. Olùkọ́ tó ń fi ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ tún ẹ̀kọ́ ṣàlàyé fún àwọn ọmọ tí Faransé kò yọ̀ mọ́ lẹ́nu lè pẹ́ lójú kan, kí ẹni tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí sì di ọ̀jọ̀gbọ́n. (Kí Ìbàdàn àti Ifẹ̀ má rẹ́rìn-ín o. Wọn kò sí nínú CAMES, àmọ́ àìsàn náà ń ṣe àwọn náà.)

Àwọn kan yóò ní èrò tó pọ̀ jù, ìyanṣẹ́lódì àti owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń pẹ́ kí wọ́n tó san ló ń dá àwọn ọmọ dúró. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ní kí a má wo bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ni. Abdou Moumouni fúnra rẹ̀, onímọ̀ físíìsì tó ṣiṣẹ́ lórí agbára oòrùn, ti jà nínú ìwé tó kọ nípa ètò ẹ̀kọ́ Áfíríkà ní 1964 pé kí wọ́n máa fi èdè ilẹ̀ Áfíríkà kọ́ni. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ sára fásitì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró síta.

Ìwé láìsí kíláàsì náà ló fa wàhálà oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tí Nàìjíríà dá gbígba ìwé ẹ̀rí fásitì láti Benin àti Togo dúró, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan gba dìgírì ní Cotonou láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mínísítà ẹ̀kọ́ ní àwọn yóò yẹ Niger náà wò.

Niger, Mali àti Burkina Faso ti kúrò nínú ECOWAS láti ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, síbẹ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì lè jókòó papọ̀ ka fáìlì. Bí wọ́n bá lè ṣe ìyẹn, kí olùkọ́ láti Lomé wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì ní Niamey, kí ti Niamey náà lọ sí Cotonou, kí wọ́n gbọ́ tẹnu akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sínú fáìlì ìgbéga. Ọdún kìíní ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ tí ẹ̀kọ́ kò yé ti máa ń rọra palẹ̀ ìwé rẹ̀ mọ́, tí yóò sọdá afárá padà sí ìsọ̀ ìyá rẹ̀.