Rọpárọsẹ̀ ọ̀dọ́: ẹ wo ọkàn náà

Bí ara bá ń gbóná lálaalẹ́, tí oríkèé ń dunni, tí èèyàn sì ń rù, ibà tàbí táífọ́ọ̀dù ló máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu àwọn ará ilé. Bí oògùn méjèèjì kò bá ran án, wọ́n á ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ta ló máa rò ó dé ọkàn?

Lóòótọ́, kókó tó hù láti inú ọkàn fúnra rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bí àwọn dókítà bá yẹ òkú 10,000 wò, nǹkan bíi 2 ni wọ́n á bá a lára wọn. Jẹjẹrẹ tó ti ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọmú ràn dé ọkàn pọ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po 20, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú àwọn kókó yìí tó yẹ kí gbogbo èèyàn mọ̀, torí pé ó ṣeé yọ: myxoma. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Òun ló wọ́pọ̀ jù nínú àgbàlagbà, obìnrin ló sì ń mú jù.

Bí a bá rí mẹ́rin, bíi mẹ́ta ló máa ń wà nínú yàrá òkè apá òsì ọkàn. Ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló sábà fi ń rọ̀ mọ́ ògiri ibẹ̀, ọrùn yìí gan-an ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí ọkàn ṣe ń lù, kókó náà á máa fì bí ahọ́n agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà míì, á fì wọ ẹnu fáàfù tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí yàrá ìsàlẹ̀, á sì dí i pa. Ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́ lè dìde kó sì dákú. Bó bá dùbúlẹ̀ tàbí tó yí ẹ̀gbẹ́ padà, èémí rẹ̀ lè tún já geere. Ìbéèrè tó wúlò jù nínú yàrá dókítà kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: ṣé bẹ́ ẹ bá dìde ni àbí bẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀ ló máa ń ṣe yín?

Fífi ẹ̀rọ gbọ́ àyà nìkan kò tó. Ariwo tí kókó yìí ń mú jáde lè jọ ti fáàfù tó fún pọ̀, dókítà tó mọṣẹ́ dunjú sì lè ṣì í mú.

Èyí tó burú jù ni kí díẹ̀ já lára rẹ̀, kó bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ. Ẹni ọdún 35 tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru á kàn jí láàárọ̀ kan tí apá kan ara rẹ̀ ti rọ. Àwọn ará ilé á ní ayé ló ṣe é, a ò sì lè bá wọn wí púpọ̀. Ilé ìwòsàn tó ya àwòrán ọpọlọ tán tí kò wo ọkàn ni kò ní àwíjàre.

Kí wọ́n tó wọ àwọn ọdún 1950, òkú nìkan ni wọ́n sábà ń bá kókó yìí nínú rẹ̀. Ní 1954, Clarence Crafoord yọ ọ́ lára obìnrin kan ní Stockholm, obìnrin náà sì yè é. Ní 1959, Sven Effert àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì fi ìgbì ohùn rí i lára ẹni tó ṣì wà láàyè. Ìgbì ohùn yẹn náà ni wọ́n ń lò dòní nínú àyẹ̀wò èkò, irú èyí tí wọ́n fi ń wo oyún. Kò la abẹ́rẹ́ lọ, kì í sì í sábà tó wákàtí kan. Bí àwòrán kò bá hàn dáadáa láti orí àyà, wọ́n á ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ọ̀nà ọ̀fun.

Àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Íbàdàn àti LUTH l'Ékòó ní ẹ̀rọ èkò náà. Ó yẹ kí ọ̀dọ́ èyíkéyìí tí rọpárọsẹ̀ kọlù débẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná, tí èémí ń há, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò sì rí kòkòrò ibà. Kí wọ́n ṣe èkò fún un kí wọ́n tó ra oògùn ibà ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Bí wọ́n bá rí kókó náà, kí iṣẹ́ abẹ má pẹ́, torí pé òmíràn tún lè já lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ara wọn ń dá lẹ́yìn ẹ̀. Nínú àwọn ìdílé kan, ó máa ń padà wá, àmì dúdú kéékèèké sì lè wà ní ètè àti ìpéǹpéjú wọn. Ní ti àwọn yẹn, àtọmọ àti àbúrò aláìsàn ló yẹ kó wá ṣe èkò.