Àwọn Aláàárù inú Egungun

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a fi àmì sí ọ̀rọ̀ kí ó má baà ṣì wá lọ́nà: egungun ni a ń sọ lónìí, kì í ṣe egúngún. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì jọra ní ọ̀nà kan: ohun tí ń gbé wọn ró, abẹ́ ni ó wà, ojú kì í rí i.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí òkúta ni egungun rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun alààyè ni. Nítòsí orí egungun gígùn ọmọdé ni ibì kan tí ó rọ̀ wà. Ibẹ̀ ni egungun ti ń gùn sí i. Nígbà tí ìgbà ọ̀dọ́ bá parí, ibẹ̀ yóò le, ènìyàn kò sì ní ga mọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí ń kọ́ egungun tuntun. Mọlémọlé ni wọ́n. Mọlémọlé kì í sì í fi ebi ṣiṣẹ́: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ wọn, ọ̀rá pẹ̀lú ni.

Ta ni ń gbé ọ̀rá wọlé fún wọn? Ara sẹ́ẹ̀lì ní àwọn aláàárù, èyíinì ni àwọn purotéènì tí ń ran ásíìdì ọ̀rá lọ́wọ́ láti wọlé. Ní 1994 ni Jean Schaffer àti Harvey Lodish, ní Amẹ́ríkà, kéde àkọ́kọ́ nínú ìdílé kan lára wọn; lónìí, mẹ́fà ni a mọ̀ nínú ìdílé náà. Ní 2017, ìwádìí kan lára eku fi hàn pé bí mọlémọlé kò bá lè sun ọ̀rá láti fi rí agbára, egungun kì í pọ̀ tó bí ó ti yẹ, pàápàá lára abo.

Nítorí náà, kò tọ́ kí a ka gbogbo epo sí ọ̀tá, kí a sì yọ ọ́ kúrò pátápátá nínú oúnjẹ ọmọ tí ń dàgbà. Ìwọ̀n ni ó yẹ.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dé orí. Ní Jos, ní Nàìjíríà, ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 1999 lórí ọmọ 123 tí egungun wọn rọ̀ fi hàn pé kálísíọ́mù ṣe wọ́n lóore ju fítámínì D nìkan lọ. Ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegunteegun ní kálísíọ́mù. Wàrà àwọn Fúlàní ní in pẹ̀lú.

Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá wá tẹ̀, ẹ má ṣe dá àjẹ́ lẹ́bi, ẹ má sì fi ọmọ náà pamọ́ sínú ilé. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nígbà tí egungun rẹ̀ ṣì ń dàgbà.