Àìsàn ọpọlọ kì í ṣe ẹ̀bi ilé kankan

Ọ̀rọ̀ tòní wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ gbé e.

Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ ọdún 16 kan wà nílé. Ọ̀sẹ̀ méjì kò fojú kan oorun, ó ń sọ̀rọ̀ bí òjò, ó ń fi owó ọjà ìyá rẹ̀ ṣe fàájì. Nígbà tó yá, ó dákẹ́, kò jẹun mọ́, ó ní ikú yá jù. Àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀ báyìí làwọn dókítà ń pè ní bipolar. Àwa ńkọ́? A ní àjẹ́ ni, tàbí pé ìyá rẹ̀ ló ṣẹ̀.

Èmi ò gbà. Tí ẹ̀gún bá gún wa lẹ́sẹ̀, ibẹ̀ á wú, á gbóná: ara ń jà ni. Jíìnì, ìyẹn àṣẹ tí ọmọ jogún lára bàbá àti ìyá, ló ń darí ìjà yẹn. Àwọn olùwádìí ní Toronto, ní Kánádà, ń wò ó bóyá irú ìjà bẹ́ẹ̀ ń kan ọpọlọ àwọn ọ̀dọ́ tó ní bipolar. Àwòrán ẹ̀rọ ti fi hàn pé èèpo ọpọlọ àwọn tó ní àìsàn yìí sábà máa ń fẹ́lẹ́ díẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Àmọ́ àwòrán nìkan kò lè sọ ẹni tó ní in.

Ẹnì kan á ní: "Tíṣà, àrùn ìran ni nìyẹn! Ká má fẹ́ ọmọ ilé wọn." Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyí. Ká fi àjẹ́ sílẹ̀, ká wá lọ dá odindi ilé lẹ́bi! Bí òbí kan bá tiẹ̀ ní in, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ kì í ní in. Irúgbìn nìkan kọ́ ló ń ṣe àgbàdo. Ilẹ̀ àti òjò wà níbẹ̀.

Àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ẹni tó ti bí i ńkọ́? Láti 1949 tí John Cade ti lo lithium ní Ọsirélíà la ti mọ̀ pé oògùn lè mú un rọ̀. Grégoire Ahongbonon, ọmọ Benin wa, ń tú àwọn tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so mọ́ igi sílẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Saint Camille, ní ilé ìtọ́jú ní Avrankou.

Nítorí náà, ẹ tètè gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má dá oògùn dúró láìbi dókítà. Tó bá sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ó dìgbà kan ná o.