Ẹ Má Jẹ́ Kí Bẹ́líìtì Máa Yọ̀ Lórí Ẹ̀rọ Yín

Ẹ̀gẹ́ tá a bá ti wú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Torí náà, bí ẹ̀rọ gààrí bá dákẹ́, owó ló ń ṣòfò yẹn.

Ohun táwa rí ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ́ńjìnnì kọ́ ló jẹ̀bi, bẹ́líìtì ló dẹ̀. Á máa yọ̀ lórí púlì, á máa han goooro, á máa rùn bíi rọ́bà tó ń jó. Ẹ́ńjìnnì ń mu dísẹ́ẹ̀lì, ìlọ ò kúnná. Àwọn kan á ní ká fi ọṣẹ pa á. Àwa ò fara mọ́ ọn rárá! Ọṣẹ ò lè mú bẹ́líìtì tó dẹ̀ le.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì ná. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì láàárín púlì méjèèjì. Tí wọ́n bá jìnnà síra tó mítà 1, kó wọlé bí ìbú ìka kan péré. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ tú nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì, ẹ sún un sẹ́yìn díẹ̀, kẹ́ ẹ dè é padà. Ẹ má jẹ́ kó le jù o, ìyẹn ló ń pa bíárìn. Bẹ́líìtì tuntun máa ń nà, ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ kìíní.

Ìṣẹ́jú 5 láàárọ̀ sàn ju kí oníbàárà gbé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe tiyín?