Ẹ̀rọ amúlétutù kọ̀, kò tutù: ẹ wo iná kí ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi

Ìyá kan ní Igbó-Ọrà bi wá léèrè pé, kí ló dé tí ẹ̀rọ amúlétutù òun máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa lóru, ṣùgbọ́n tó bá di aago méje alẹ́, atẹ́gùn lásán ni yóò máa fẹ́, kò ní tutù? Oníṣẹ́ iná tó pè ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ti kú, kí ó ra òmíràn.

Màmá, ẹ má tíì náwó. Ohun tó ti kú kì í jí lóru. Ẹ má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ máa pa lápálápá.

Iná 230 fólítì ló yẹ kó wọ ilé wa. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo àdúgbò á tan fáànù, fìríìjì àti áyọ́ọ̀nù lórí tíránsífọ́mà kan ṣoṣo, ilé tó bá sì jìnnà sí i ni iná rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ jù. Bí ó bá wálẹ̀ sí bí i 160, fáànù inú ẹ̀rọ ṣì lè yí, ṣùgbọ́n kọ̀mpúrẹ́sọ̀ lè má lè gbéra. Á kùn, á fa iná ní ìlọ́po-ìlọ́po, á gbóná, á sì dákẹ́. Tó bá tutù tán, á tún gbìyànjú. Bí èyí bá ń lọ bẹ́ẹ̀, wáyà inú rẹ̀ á jó. Ìgbà náà ló kú lóòótọ́.

Ẹ má fi gílóòbù ṣe ẹ̀rí. Gílóòbù àtijọ́ máa ń pọ́n bí iná bá rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn LED òde òní ṣì máa ń mọ́lẹ̀ kedere. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fi mítà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì: kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, àti bí ó ṣe ń gbéra. Bí ó bá ti rẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀, láti ìta ni; kí ẹ̀yin àti aládùúgbò jọ lọ fi sùn. Bí ó bá dára tẹ́lẹ̀, tó wá já wálẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń gbéra, wáyà ló tín-ín-rín tàbí tí ìsopọ̀ kan tú. Sítébiláísà dára, ṣùgbọ́n kì í dá iná ṣe. Láti inú wáyà yẹn náà ló ti ń fa púpọ̀ sí i.

Bí ẹ bá pa ẹ̀rọ, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí ẹ tó tún un tàn.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ má fi wáyà nípọn dípò fíùsì. Ọdẹ ilé ni fíùsì. Ẹni tó bá pa ọdẹ ilé rẹ̀, kí ó má ké nígbà tí olè bá wọlé. Ẹ má tú ẹ̀rọ fúnra yín, nítorí kápásítọ̀ inú rẹ̀ ṣì lè gbé iná dání lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́. Bí gílóòbù bá ṣàdédé tàn gbòò lẹ́yìn ìjì, ẹ pa ìná gbogbo ilé lójú ẹsẹ̀. Ó lè jẹ́ pé wáyà neutral ti já. Bí iná bá sì ṣẹ́ yọ, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ má bu omi sí i.

Nígbà tí wọ́n wọn ti Màmá wa, 155 ni wọ́n bá ní aago méje, ó sì lé ní 210 ní ọ̀gànjọ́. Aago mọ́kànlá ló ń tan tirẹ̀ báyìí. Owó kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó di ìgbà mìíràn. Kí ilé tù wá lára o.