ÀYÈ KÌ Í HÁ ADÌẸ

Àwọn baba wa wí pé àyè kì í há adìẹ kí ó má lè dé ìdí àba rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú ní oṣù yìí, nítorí ìkùnsínú àwọn olùkọ́ ti pọ̀: pé iyàrá há, pé àga kò tó, pé ìwé kò kárí, àti pé nítorí náà kò sí ohun tí àwọn lè ṣe ju kí àwọn máa sọ, kí àwọn ọmọ sì máa gbè é.

A kò wí pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ní Tanke níhìn-ín, ní ojú ọ̀nà Yunifásítì, ilé ti kún tó bẹ́ẹ̀ tí agbára káká ni ilé-ìwé fi ń rí àgbàlá. Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ti 2004 fi ọmọ 35 fún olùkọ́ kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Níbi púpọ̀ ni iye náà ń rékọjá. Kí ìjọba kọ́ iyàrá sí i, ẹ̀tọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jókòó lónìí kò lè dúró de bíríkì.

Ohun tí ó há jù ni àyè tí a fi sílẹ̀ fún ẹnu ọmọ. Ẹ wo ilé-kéwú Ìlọrin. Ẹní ni àga, wàláà ni ìwé; síbẹ̀ olúkúlùkù ni ó ní wàláà tirẹ̀, olúkúlùkù ni ó ń ka tirẹ̀ sí etí Àáfà, èyí tí ó ti mọ̀ a sì máa tọ́ àbúrò rẹ̀ sọ́nà.

Kí àwọn olùkọ́ wa ṣe bákan náà. Kí àwọn ọmọ orí àga kìíní yí ojú padà sí ti àga kejì, ti ẹ̀kẹta sí ti ẹ̀kẹrin. A kò gbé àga kan kúrò, ẹgbẹ́ ti dúró. Kí olùkọ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan, kí ó dákẹ́, kí olúkúlùkù sọ èrò rẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀ kí a tó pe ẹnikẹ́ni. Páálí tí a gé, tí a fi èédú kọ, tó wàláà. Ní ti ìṣirò, ọpọ́n ayò ní ihò 12 àti ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin ní ihò kọ̀ọ̀kan: ìsọdipúpọ̀ àti pínpín ti wà níbẹ̀ kí a tó ta á rárá. Bí kò bá sí ọpọ́n, a lè gbẹ́ ihò sí ilẹ̀.

Ọ̀gá mìíràn yóò wí pé ariwo yóò pọ̀. Yóò pọ̀ ní tòótọ́, ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ kan tí a ti fi ṣe àdéhùn tó láti pa á; ìdákẹ́ ọmọ tí kò gbọ́ nǹkan kan kì í sì í ṣe ẹ̀kọ́.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó kù. Ọmọ kò lè fi èdè tí kò gbọ́ béèrè ìdí ohunkóhun. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti dán an wò ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 6, olùkọ́ ọ̀tọ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà tayọ àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 3. Gẹ̀ẹ́sì wọn pàápàá kò rẹ̀yìn. Síbẹ̀, ní November 2025, ìjọba àpapọ̀ wọ́gi lé ìlànà 2022 tí ó fi èdè abínibí ṣe èdè ìkọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní òun ni ó ń fa ìjákulẹ̀ nínú ìdánwò. Ẹ̀rí Ifẹ̀ kò gbè wọ́n.

Ẹ̀yin ìjòyè, àgbàlá yín gbòòrò; ẹ yá ilé-ìwé tí kò ní tirẹ̀ lò ní òwúrọ̀. Ẹ̀yin alábẹ̀wò ilé-ìwé, ẹ má fi ìdákẹ́ díwọ̀n olùkọ́. Àwa tí a ń tọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la ní láti kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, nítorí bí a ti kọ́ ènìyàn ni òun náà yóò kọ́ ẹlòmíràn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Báwo ni a ó ti ṣe mọ̀ pé ọmọ gbọ́n, bí a kò bá jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀?