Bàbá Arúgbó tí Ó Dúró ní Etí Òkun

A fẹ́ kí bàbá, ìyá àti ọmọ jókòó pọ̀ lẹ́hìn oúnjẹ alẹ́, kí ẹnìkan ka ìtàn yí sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ilé.

Ìletò kan wà ní etí òkun ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ẹkùn Norfolk, tí kò jìnnà sí ìlú Great Yarmouth. Caister ni orúkọ rẹ̀. Òkìtì iyanrìn pọ̀ lábẹ́ omi níbẹ̀, ojú kì í sì í rí wọn. Nígbàtí ìjì bá dé, ọkọ̀ a gún lé wọn lórí, ìgbì a sì máa lù ú títí yíò fi fọ́. Kí ọdún 1800 tó dé ni àwọn ọkùnrin Caister ti kó ẹgbẹ́ jọ nítorí èyí. A kò níí bo òtítọ́ mọ́lẹ̀: ní ìbẹ̀rẹ̀, owó ni nwọ́n ńwá, nítorí ẹnití ó bá gba ọkọ̀ tàbí ẹrù là ní ẹ̀tọ́ sí èrè. Ṣùgbọ́n nígbàtí ó pẹ́, ẹ̀mí ènìà ṣíwájú ẹrù. Ní ọdún 1857, Ẹgbẹ́ Ọkọ̀ Agbẹ̀mílà ti gbogbo ilẹ̀ náà, èyítí Sir William Hillary dá sílẹ̀ ní ọdún 1824, gba ibùdó Caister sí abẹ́ àbójútó rẹ̀.

Ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tí à ńpè ní Beauchamp. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 36. Àjẹ̀ àti ìgbòkun ni nwọ́n fi ńtù ú. Ó fẹ̀, ó wúwo, àwọn ará ibẹ̀ sì gbẹ́kẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n bí ó bá dojú dé, kò lè yí ara rẹ̀ padà sójú.

Ní alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ọdún 1901, nwọ́n rí iná àmì ọkọ̀ tí ó wà nínú ewu. Ìjì ńjà, òjò ńrọ̀. Nwọ́n ti Beauchamp sínú omi, ìgbì sì jù ú padà sórí iyanrìn. Nwọn kò juwọ́ sílẹ̀. Ó tó nǹkan bí agogo 2 òru kí ọkọ̀ náà tó lọ, pẹ̀lú ọkùnrin 12 nínú rẹ̀. Àwọn tí ó tì í lọ sílé láti pààrọ̀ aṣọ wọn tí ó tutù.

Ṣùgbọ́n James Haylett kò lọ. Ẹni ọdún 78 ni, ó ti kọjá ẹnití à ńmú wọ ọkọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lórí omi, ó sì dúró nínú òjò. Àwọn àgbà wa a máa wí pé, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní nǹkan bí agogo 3, igbe ta: ọkọ̀ náà ti dojú dé nínú ìgbì, ní ibi tí kò jìnnà sí ibi tí ó ti lọ, àwọn ènìà sì há sábẹ́ rẹ̀. Bàbá arúgbó yí kó wọ inú ìgbì. Ó fa ọkọ ọmọ rẹ̀ jáde; ó tún padà, ó fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ jáde. Ẹnìkan bọ́ fúnra rẹ̀. Mẹ́sàn-án kú, àwọn ọmọkùnrin bàbá náà méjì sì wà nínú wọn.

Àwọn tí ó ńwádìí ikú náà bi í léèrè bóyá ó sú àwọn atukọ̀ ni, tí nwọ́n fi ńpadà bọ̀. Ó dáhùn pé rárá. Pé nwọn kì bá tí fi ọkọ̀ tí ó wà nínú ewu sílẹ̀, bí nwọ́n tilẹ̀ níláti máa wá a kiri títí ilẹ̀ yíò fi mọ́, nítorí ó lòdì sí òfin wọn láti padà nígbàtí nwọ́n bá ti rí irú àmì bẹ́ẹ̀. Àwọn oníwé ìròhìn gé ọ̀rọ̀ náà kúrú, nwọ́n sọ ọ́ di pé àwọn ọkùnrin Caister kì í yí padà. Ní oṣù Kíní ọdún 1902, Ọba Edward Keje fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà ti Ẹgbẹ́ náà.

Àwọn opó sunkún, ṣùgbọ́n ibùdó náà kò tì. Àwọn ọkùnrin ìletò kan náà tún wọ ọkọ̀ mìíràn. Ní ọdún 1969, Ẹgbẹ́ ti ibùdó náà, nítorí pé ọkọ̀ tí ó yára jù wà ní Gorleston nítòsí. Àwọn ará Caister dá owó jọ, nwọ́n wá ọkọ̀ ti ara wọn, nwọ́n sì ńbá iṣẹ́ náà lọ títí di òní.

Ẹ̀yin ará ilé wa, gbogbo ènìà ni ó ńyin àwọn tí ó wọ ọkọ̀, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n bí bàbá arúgbó nì bá ti lọ sùn, ta ni ìbá gbọ́ igbe? Kì í ṣe gbogbo wa ni agbára wa gbé àjẹ̀. Àìsàn ńbẹ nínú ilé, ọmọ tí ó ṣìnà ńbẹ, aládùúgbò tí ọ̀ràn dé bá ńbẹ. Ẹnití kò lè ṣe ju pé kí ó dúró, kí ó sì fetísílẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ kò kéré. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ilé sọ ní alẹ́ òní ẹni náà tí òun yíò dúró dè.